Ta Ló Ní Aláròóbọ̀ Kì Í San Owó Orí?

Ẹ bá mi bi àwọn tó ń pariwo pé aláròóbọ̀ kì í san owó orí: ta ló ń san VAT 7.5% inú owó ọṣẹ tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù Kúta lọ kó ní Ìwó? Kò forúkọ sílẹ̀ fún un, kò sì lè gba kọ́bọ̀ padà. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn iléeṣẹ́ tí ọjà wọn tó bílíọ̀nù 5 náírà lọ́dún máa fi rìsíìtì wọn ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dáa. Bébà tí wọ́n fi bírò kọ ni tiwa. Owó orí ò hàn níbẹ̀. Ẹ má tíì gbé ẹ̀rọ wá bá ìyá yìí o, iná dà? Ẹni tó tajà fún un ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, kó kọ iye tó gbà sílẹ̀.