Ìgbáròkó Tuntun àti Ìkúnlẹ̀ Àtijọ́

Ìyá mi ni ó gba àkókò mi. Ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn ní ìbàdí ọ̀tún. Wọ́n yọ oríkèé tó ti gbó dànù, wọ́n sì fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Ilé wa ní Onírèké, nínú ìlú Ìbàdàn níbí, ni a ti ń tọ́jú ìyá láti ìgbà náà. Ara wọn ti yá báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìyà tó jẹ wọ́n kí ara wọn tó yá, kì í ṣe ọ̀bẹ dókítà ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwa tí a fẹ́ràn wọn ni.

Èrò mi nìyí, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn lè dá mi lóhùn: ọ̀nà tí àwa Yorùbá ń gbà tọ́jú aláìsàn, àti ọ̀nà tí a ń gbà bọ̀wọ̀ fún ara wa, méjèèjì ló ń dí ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí lọ́wọ́ láti padà sẹ́nu ìgbòkègbodò rẹ̀. Ó yẹ kí a tún un rò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ èdè kúrò nílẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ó ti ń yún àwọn kan nínú yín lára. Ọ̀pọ̀ wa ń pe gbogbo agbègbè ibẹ̀ ní ìbàdí, ibi tí a ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́. Yorùbá ní orúkọ tó ṣe pàtó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ìgbáròkó. Ibi tí eegun itan ti wọ inú eegun ìdí ni oríkèé tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Oríkèé yìí kan náà ni à ń pe ti ara ọparun àti ti ara ìrèké. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé Onírèké ni mo jókòó sí tí mo ń ronú nípa oríkèé. Ẹni tó bá ti fi eyín bó ìrèké rí mọ̀ pé ibi oríkèé rẹ̀ ló le jù. Ti ọmọ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Oríkèé tiwa ló máa ń kọ́kọ́ dá wa dúró.

Orí eegun itan rí roboto, ó sì wọ inú kòtò kan lára eegun ìdí bí orí ọmọ odó ti ń wọ inú odó. Ohun kan tó rọ̀, tó sì ń dán, ló bo ojú méjèèjì kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Bí èyí bá jẹ tán, eegun yóò máa ha eegun, àgbo àti òróró ìpara kò sì lè dá a padà. Ọdún mẹ́fà ni ìyá mi fi para. Nínú iṣẹ́ abẹ náà, dókítà á gé orí eegun itan tó bàjẹ́ kúrò, á ki irin bọ inú eegun itan, á fi orí tuntun lé irin náà, á sì tẹ́ ife tuntun sínú kòtò. Ike líle ló sábà máa ń wà nínú ife yìí. Dókítà John Charnley ló sọ irú rẹ̀ di ohun tó ṣeé gbọ́kàn lé, ní ilé ìwòsàn Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kọkànlá ọdún 1962. Ní ọdún 2007, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tó pè é ní iṣẹ́ abẹ ọ̀rúndún. Ìwé ìròyìn yìí kan náà gbé ìwádìí mìíràn jáde ní ọdún 2019 tó fi hàn pé nínú 100 irú ìgbáròkó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 58 ni yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 25. Owó rẹ̀ ga ju agbára ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù lọ. Ọjọ́ mìíràn ni n ó sọ ti ìyẹn.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó nìkan ni. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde wà lára ohun tó ń ba oríkèé yìí jẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni à ń bí pẹ̀lú àrùn náà lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè dé orí eegun itan bó ti yẹ, apá ibẹ̀ á sì kú nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì wà láàyè. Nígbà tí a lọ fún àyẹ̀wò, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún jókòó ti ìyá mi. Ìgbáròkó òsì tirẹ̀ ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀, ìgbéyàwó rẹ̀ sì ti ń sún mọ́lé. Kò béèrè bóyá yóò rìn. Kò béèrè bóyá yóò dùn ún. Ohun tó bi ìyá mi ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ṣé mo ṣì lè máa kúnlẹ̀ kí àwọn àna mi?”

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ gan-an ni onífisiotẹ́rápì ní kí ìyá mi dìde, kí wọ́n di férémù irin mú, kí wọ́n gbé ìṣísẹ̀ márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ bú onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n òótọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀. Bí aláìsàn bá dùbúlẹ̀ pẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó sì ṣí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, èyí sì lè pa ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran ìdí àti itan tó yẹ kí ó gbé oríkèé tuntun náà dúró yóò máa jò. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní ìlú wa. Yunifásítì Ìbàdàn ni ẹ̀kọ́ oyè nípa fisiotẹ́rápì ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọdún 1966.

A wá délé, àlejò sì dé. Àwọn ará ìjọ dé, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà dé láti ọjà Alẹ́ṣinlóyè níbi tí ìyá ti ń ta aṣọ, ẹbí dé láti ìlú Ọ̀yọ́. Bí ìyá bá na ọwọ́ sí ife omi, ẹni mẹ́ta á ti fò dìde. “Ẹ má dìde, Màmá! Kí ni àwa wá ń ṣe níbí?” Oúnjẹ ń bá wọn lórí ibùsùn. Omi ìwẹ̀ ń bá wọn ní yàrá. Ẹni tí kò bá sáré gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà lójú àlejò, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, kò sì sí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n pe òun bẹ́ẹ̀. Èmi náà sáré. Nígbà tí ó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá tó rin ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn já lójú dókítà kò lè rin dé ẹnu géètì wa mọ́.

Mo ṣàkíyèsí ohun kan nínú ìkíni àwọn àlejò náà. Yorùbá ń kí ẹni tó jókòó, ó ń kí ẹni tó dúró, ó ń kí ẹni tí òjò pa. Ẹni tó bá yọ nínú ewu, “Ẹ kú ewu” là ń kí i. Gbogbo wọn ló wí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì fi “Ẹ kú ìsinmi” tì í lẹ́yìn. Kò sí ẹnì kan tó ní “Ẹ kú ìrìn”, bẹ́ẹ̀ ìkíni náà wà nílẹ̀ fún arìnrìn-àjò tipẹ́tipẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ronú kan èyí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìyá mi bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá dìde. Àwọn ọmọ àdúgbò gbọ́, wọ́n gbà á lẹ́nu mi. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti lágbára tó: ìyá tí ojú ń tì láti gbé férémù jáde bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ẹnu géètì láàárọ̀ nítorí kí àwọn ọmọ tó ń lọ síléèwé lè kí wọn.

Ó ku ti ìkúnlẹ̀. Àwọn dókítà ti kìlọ̀ pé fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ìyá má jókòó sórí ohun tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún wọn yóò fi ga ju ìbàdí lọ, kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ kan kọ́ èkejì, kí wọ́n má sì yí ẹsẹ̀ náà sínú, nítorí orí tuntun lè yọ kúrò nínú ife rẹ̀ kí ẹran ara tó dì í mú dáadáa. (Kì í ṣe gbogbo dókítà ló ń fi irú òfin yìí lélẹ̀ mọ́. Ibi tí oníṣẹ́ abẹ gbà wọlé, bóyá iwájú ni tàbí ẹ̀yìn, wà lára ohun tó ń sọ ọ́. Kí kálukú bi dókítà tirẹ̀.) Ẹ wá fi òfin yìí yẹ ilé Yorùbá wò. Àpótí ìdáná rẹlẹ̀. Ìgbálẹ̀ wa kúrú, àfi kí ènìyàn ká. Ṣáláńgá ń fẹ́ ìlóṣòó. Takisí Micra tó kún ìgboro Ìbàdàn rẹlẹ̀ débi pé ẹni tí ìbàdí rẹ̀ le koko pàápàá á fi ọwọ́ gbé itan rẹ̀ wọlé. Gbogbo ìwọ̀nyí ṣeé ṣàtúnṣe: káfíńtà kan ní Dùgbẹ̀ fi pákó gbé ẹsẹ̀ àga àti ibùsùn ga fún wa, a ra ìgbálẹ̀ onígi gígùn, a sì fi tìmùtìmù lé ìjókòó ọkọ̀. Àṣà ni a kò rí káfíńtà fún.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, olórí ẹbí bàbá mi wá kí wa, bàbá tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Kí n tó dìde ní ìjókòó, ìyá mi ti wà lórí eékún méjèèjì. Wọn kò lè dìde mọ́. Ẹni mẹ́rin ló gbé wọn, igbe tí wọ́n sì ké kò tíì kúrò létí mi. Ilé ìwòsàn la sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Orí tuntun náà kò yọ, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹsẹ̀ fi wú. Nígbà tí mo wá sọ níwájú ẹbí pé ìyá kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda, àbúrò bàbá mi kan ní ìwé àkàjù ni mò ń kà, pé n ó fi àṣà Òyìnbó ba ìyá mi jẹ́.

Èmi tí mò ń fi àṣà Yorùbá jẹun! Ẹ jẹ́ kí n bi yín: nígbà tí ẹ bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí lẹ ń wí? “Mo kúnlẹ̀ o, sà.” “Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ o.” Orí àga lẹ wà. Inú ọkọ̀ lẹ wà. Àgbà tó ń gbọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dáhùn pé ẹ ṣeun, ẹ dìde. Kò sí ẹni tó kó wa jọ láti fọwọ́ sí i. Èdè wa ló gbé ìkúnlẹ̀ kúrò lórí eékún sí orí ahọ́n fúnra rẹ̀, nígbà tí àyè kò gba eékún. Ṣáájú fóònù pàápàá, aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé àti ẹni tó ru ẹrù wúwo kì í kúnlẹ̀ délẹ̀. Wọ́n á tẹ orúnkún díẹ̀, àgbà á sì ní ó tó. Àwọn Mùsùlùmí ti yanjú tiwọn tipẹ́: ẹni tí kò bá lè dúró kírun, á jókòó kí i. Bí Ọlọ́run bá gba ti àga, kí ló dé tí àna kò lè gbà á?

Mo sì fẹ́ kí ó jẹ́ pé ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí aláìsàn máa tọrọ àforíjì. Bàbá arúgbó yẹn ló kọ́ mi ní èyí. Nígbà tí wọ́n tún padà wá, láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti na ọ̀pá wọn sókè pé, “Ìyàwó, bí o bá kúnlẹ̀, n ó padà sílé.” Ìyá mi tẹrí ba lórí ìdúró. Ọ̀rọ̀ tán.

Láti ìgbà náà ni ìrìn ti dán mọ́rán. Férémù di ọ̀pá méjì, ọ̀pá méjì di ẹyọ kan, ẹyọ kan náà ti ń sùn lẹ́yìn ìlẹ̀kùn báyìí. Ní oṣù kẹrin, ìyá padà sí ìsọ̀ wọn ní Alẹ́ṣinlóyè, ìdajì ọjọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Mo sọ fún wọn pé Andy Murray tó ń gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì nígbà náà gba irin sí ìbàdí ní oṣù kìíní ọdún 2019, ó sì gba ife ẹ̀yẹ ní Antwerp ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Wọ́n ní kí n lọ sọ fún Murray pé kó wá gbé ẹrù aṣọ. Níbi ìsọmọlórúkọ kan lóṣù tó kọjá, onílù kì wọ́n, wọ́n sì jó lójú kan, èjìká àti ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ìbàdí ń dáhùn díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ti ọmọbìnrin ọjọ́sí náà. Ó pe ìyá mi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí: “Màmá, mo kúnlẹ̀ o.”

“Dìde!” ni ìyá mi dáhùn, tẹ̀ríntẹ̀rín. “Dìde, kí o máa rìn.”