Ẹ wo ìdí igi kí ẹ tó gbé àáké

Ẹ̀yin ará wa ní Gariki, ọ̀rọ̀ igi ni mo bá wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, pẹ̀lú bí owó ilé ṣe ń gòkè yìí, ṣé igi ló kù tí a máa jókòó sọ? Ẹ ṣáà fara balẹ̀ gbọ́ mi ná.

Igi méjì la bá nínú ọgbà tí à ń gbé: máńgòrò kan lẹ́yìn ilé ìdáná, àti àgbálùmọ̀ kan nítòsí géètì, èyí tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní údàrà. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n gbẹ́ gọ́tà gba ẹ̀yìn ilé ìdáná kọjá. Ojú mi ni wọ́n ṣe fi àáké gé gbòǹgbò máńgòrò yẹn, mẹ́ta lápá kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú wọn tó itan mi. Ìyá kan nínú ọgbà ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹsẹ̀ igi lẹ ń gé yẹn o." Èmi ni mo dá wọn lóhùn pé, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, Mama. Igi ńlá báyìí, kí ló máa ṣe é?" Ẹnu mi yìí náà ni.

Lásìkò òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí, ìjì dé lóru. A rò pé ọkọ̀ akẹ́rù ló kọlu ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, máńgòrò ti dùbúlẹ̀ sórí ilé ìdáná, páànù ti ká kò bíi bébà, ìkòkò ìyá yẹn gan-an ló fọ́ jù. Gbòǹgbò apá kejì dìde sókè pẹ̀lú ilẹ̀ pupa lẹ́nu. Apá gọ́tà ńkọ́? Kùkùté jíjẹrà mẹ́ta ló kù níbẹ̀. Ọpẹ́ ni pé òru ni. Ká ní ìrọ̀lẹ́ ni, ìyàwó ilé mẹ́rin ló máa ń dáná níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọgbà ti dìde sí igi àgbálùmọ̀. Ẹnì kan ní kí á gé e kó tó pa wá. Ẹnì kan ní àjẹ́ ló ń ṣèpàdé níbẹ̀. Ẹlòmíì, ewé gbígbá ló sú u, ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ ìjì bo ti ewé mọ́lẹ̀ ni. Ẹnu tí kò rí nǹkan kan lára máńgòrò lọ́jọ́sí, òun náà ló ń pariwo báyìí lórí igi tí kò ṣe wá ní nǹkan kan. Èmi kò gbà. Ojú la fi ń wo igi, a kì í fi ẹ̀rù wò ó.

Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igi inú ọgbà, ẹ sún mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé wọ́n ti gé gbòǹgbò rẹ̀ torí gọ́tà, sọkaweè tàbí fáǹdéṣọ̀n fẹ́ǹsì? Ọ̀pọ̀ gbòǹgbò tó di igi mú ń sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, nínú ilẹ̀ tí kò jìn, wọ́n sì máa ń kọjá ibi tí ẹ̀ka dé. Ẹni tó bá gé wọn ní apá kan ti gba ọ̀pá lọ́wọ́ arúgbó nìyẹn. Ṣé olú ń hù ní ìdí rẹ̀, tàbí olú líle tó so mọ́ ara igi bí àwo? Ó ti ń jẹrà nínú. Ṣé wọ́n ń sun ìdọ̀tí sí ìdí rẹ̀? (Ní ọgbà tiwa, bẹ́ẹ̀ ni, a sì ti dáwọ́ rẹ̀ dúró.)

Igi tó ti fì láti kékeré, tí orí rẹ̀ ti yí padà sókè wá oòrùn, kò fi bẹ́ẹ̀ bani lẹ́rù. Èyí tó dúró ṣánṣán lésìí tó wá ń fì lọ́dún yìí, tí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ń wú tàbí tó ń là, ìyẹn ti ń lọ. Ẹ kó ọmọ kúrò lábẹ́ rẹ̀ lónìí, kí ẹ tó wá ẹni tó máa gé e.

Ihò inú igi náà kì í ṣe ikú lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń fi ìtọ́jú igi ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń lò: bí láti àárín igi dé èèpo bá jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà, ó yẹ kí igi líle tó yí ihò náà ká tó 10 sẹ̀ǹtímítà, ó kéré tán. Ẹ fi ẹ̀yìn àáké gbá a yípo. Ibi tó bá ń dún bí ìlù, ẹ fura síbẹ̀.

Bí igi sì ṣe gbajúmọ̀ tó kò ní kó má wó. Igi Agia ní Àgbádárìgì, tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, ìjì ló dá a wó ní 20 Okúdù 1959. Aràbà ńlá ti Freetown, tó jẹ́ àmì ìlú náà fún àwọn ẹrú tó gba òmìnira, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà lára wọn, òjò líle ló wó o ní 24 Èbìbì 2023.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó tóbi jù ni pé: ta ló ń jókòó lábẹ́ rẹ̀? Ní 15 Ògún 2017, ní Monte ní erékùṣù Madeira, igi óòkù kan wó lu àwọn tó ń dúró de ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn 13 ló kú. Ká ní inú igbó ni igi yẹn wà, ta ni ì bá gbọ́? Ẹ wá wo údàrà tiwa. Ẹ mọ̀ pé àwọn Ìgbò kì í já a lórí igi, wọ́n ń dúró kó fúnra rẹ̀ já bọ́ ni. Torí náà, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹrin, gbogbo ọmọ àdúgbò, tiwa tiwọn, abẹ́ igi yẹn ni wọ́n wà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ pé kí á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo lọ wò ó fúnra mi. Ìdí rẹ̀ le, kò sí olú, kò fì, gọ́tà kò débẹ̀. Ẹ̀ka gbígbẹ méjì ló wà lórí, ọ̀kan nà sórí géètì. Ẹ̀ka méjì yẹn ni kó lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ayùn gé díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹ̀ka kí wọ́n tó gé e láti òkè, kó má bàa ya èèpo ara igi lulẹ̀. Kí wọ́n má sì bẹ́ ẹ lórí o! Àwọn agégi wa fẹ́ràn ìyẹn. Ọ̀mùnú tó bá yọ lẹ́yìn rẹ̀ á pọ̀, àmọ́ wọn ò ní dì mọ́ igi dáadáa, ojú ọgbẹ́ á sì máa jẹrà. Lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀rù tí igi yẹn máa bà yín á ju ti ìsinsìnyí lọ. Èyí tó bá sì kan wáyà iná, ẹ pe àwọn NEPA, orúkọ yòówù tí wọ́n ń jẹ́ báyìí, kí wọ́n gé iná kí ẹnikẹ́ni tó gun igi.

Ohun kan tún kù fún àwa tí a wá jókòó sílẹ̀ onílẹ̀. Ẹ má gé igi kankan láìsọ fún láńlọ́ọ̀dù. Akòko tí à ń já ewé rẹ̀ fi joyè nílé, òun ni wọ́n ń pè ní ògìrìsì níbí, ó sì lè jẹ́ ààlà ilẹ̀ tàbí ojúbọ ìdílé kan. Igi tí ẹ rò pé igi lásán ni lè di ẹjọ́ sí yín lọ́rùn.

Láńlọ́ọ̀dù tiwa ti fọwọ́ sí i, ó ní òun á san ìdajì. Ẹni tó máa gun igi ń bọ̀ ní Sátidé. Yàrá mẹ́ta ni kò tíì dá owó tiwọn, ẹni tí ewé gbígbá sú wà lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní igi tó ń kọ yín lóminú, ẹ ya fọ́tò ìdí rẹ̀, kì í ṣe orí rẹ̀ o, kí ẹ fi síbí ká jọ wò ó.