Inú Obì Ló Wà

Olóbì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ojú lásán ra obì. Yóò ki ọwọ́ bọ agbọ̀n, yóò ṣí ewé, yóò mú obì kan, yóò yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, yóò máa wá ihò tíntìntín lára rẹ̀. Obì lè tóbi, kó pọ́n, kó máa dán, kí kòkòrò sì ti sọ inú rẹ̀ di ìyẹ̀fun. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ṣàlàyé ohun tí àwọn ìyá wa olóbì ti mọ̀ tipẹ́, pé kì í ṣe ọjà ni kòkòrò yìí ti sábà ń wọlé. Nígbà tí obì ṣì wà lóko, tí èèpo rẹ̀ ti gbọgbẹ́ níbì kan, tàbí nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á tí wọ́n kó o jọ, ni abo kòkòrò ti yé ẹyin sí i lára. Ẹyin á pa nínú òkùnkùn, ìdin á máa jẹ lọ, ojú obì á sì máa dán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí ihò bá fi hàn síta, kòkòrò ti yó, ó ti ń jáde lọ ni.

Ohun tí àwọn àgbà rí nìyẹn tí wọ́n fi ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Lóde òní, ọ̀tá ilé ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi òwe yìí wá: orogún ìyá, àbúrò bàbá tí inú rẹ̀ kò dáa, ẹni tó ń fi oògùn ba ti ọmọ ẹni jẹ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n olóbì tó rí ihò lára obì kì í béèrè ẹni tó ṣe òun. Inú agbọ̀n ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ká lo òwe náà fún ọ̀rọ̀ igbó tí àwọn ọmọ wa ń mu nílé-ẹ̀kọ́ gíga.

Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ti ní ọgbà ní Èjìgbò, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ni àwọn ọmọ láti oríṣiríṣi ìlú ti ń gba yàrá láàárín ìlú, tí wọ́n ń dá ṣe ara wọn. Mi ò na ìka sí ilé-ìwé náà o. Ọ̀rọ̀ yìí kárí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ti ìjọba àti ti aládàáni, ti ìjọ àti ti mùsùlùmí. Àwa ará ìlú kékeré gan-an ni mo ń bá wí. Ní Èjìgbò, ní Ọla, ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, bí wọ́n bá ní ọmọ kan ti ń mu igbó, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé Èkó ló ti kó o bọ̀, tàbí pé ẹgbẹ́ burúkú ló kó. Àwọn mìíràn á dárúkọ olórin. Fẹlá ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dì í rù, nítorí pé kò fi igbó tirẹ̀ pamọ́, tí àwọn ọlọ́pàá tún wá a wá sílé ní 1974, tí òun náà sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwo orin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á kan àwọn ọmọdé olórin òde òní. Gbogbo ẹni tí wọ́n ń dárúkọ, ìta ló wà.

Òótọ́ ni pé igbó kì í ṣe ewé àtijọ́ wa. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tó parí ní 1945, ni àwọn ọmọ ogun wa tó ti Íńdíà àti Bọ́mà dé mú un wálé. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn ọmọ ogun náà? Ọmọ wa ni. Ta ló sì wá ń gbìn ín? Àwọn igbó kìjikìji ní Oǹdó, Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Ẹdó, àárín oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ wa, ni àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ti ń wá oko rẹ̀ tí wọ́n ń dáná sun ún. Nígbà tó fi di 1964, Dókítà Tọ́lání Àsúní ti ilé-ìwòsàn Arò l'Abẹ́òkúta ti kọ̀wé lórí wàhálà tí igbó ń dá sílẹ̀ fún ọpọlọ àti fún àwùjọ ní Nàìjíríà. Ọgọ́ta ọdún ó lé nìyẹn. Ẹni tó bá ṣì ń pè é ní àlejò kò mọ ẹni tó ń bá a gbélé.

Ìjọba náà ti fi agbára lé e. Òfin igbó tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1966 sọ pé ẹni tó bá gbìn ín lè kú fún un tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 21, ẹni tó bá mu ún kò sì gbọdọ̀ lò dín ní ọdún 10 lẹ́wọ̀n. Wọ́n dẹ òfin náà ní 1975. Ní 1989 wọ́n dá NDLEA sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ jọ ṣe ìwádìí ní 2018, wọ́n rí i pé nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64, ó tó mílíọ̀nù 14.3 tó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan péré. Igbó nìkan kó mílíọ̀nù 10.6 nínú wọn. Ẹkùn wo ló sì ga jù? Tiwa ni, ilẹ̀ Yorùbá níwọ̀-oòrùn gúúsù: nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ó lé ní 22 tó ń lo oògùn olóró. Ẹkùn tó ń fi ìwé kíkà yangàn ni wọ́n ń wí yìí.

Nǹkan mìíràn wà nínú ìwádìí náà tí mi ò lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Bí a bá ṣírò ọjọ́ orí tí èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ igbó pọ̀, tí a pín in dọ́gba, ọdún 19 ló bọ́ sí. Ọdún tí ọmọ ń wọ yunifásítì nìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ pé 19 ni àròpín rẹ̀, a jẹ́ pé àwọn kan ti fi ẹnu kàn án nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ aṣọ ilé-ìwé girama, lábẹ́ òrùlé wa, tí a ń rò pé orí fífọ́ ló jẹ́ kí ojú wọn pọ́n. Lóko ni kòkòrò ti wọ obì.

Kí ló ṣe obì lọ́gbẹ́ tó fi rí ọ̀nà wọlé? Èmi á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dun àwa Èjìgbò jù. Kò sí ẹni tó mọ ìlú yìí tí kò mọ ọkọ̀ Àbíjàn. Àwọn baba ńlá wa ti ń lọ Kodifúà kí á tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ilé tó wà ní Èjìgbò àti àwọn abúlé rẹ̀, owó Àbíjàn ló kọ́ púpọ̀ nínú wọn, àwọn ọmọ wa mìíràn sì gbọ́ Faransé ju Yorùbá lọ. Ìrìn àjò náà ti ṣe wá lóore, mi ò sì ní bú ẹni tó jáde lọ wá oúnjẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé: bàbá ń bẹ ní Àbíjàn, ìyá ń bẹ ní Àbíjàn, ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Owó ń dé lóṣooṣù, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ kò dé. Bí ọmọ bá wọ yunifásítì, wọ́n á gba yàrá fún un, wọ́n á ra fóònù tó dáa, ó parí. Mo ti gbọ́ irú ìpè tí aládùúgbò máa ń pe bàbá ọmọ báyìí. "Bàbá Ràṣídì, ẹ kú àjò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi etí sí ọ̀rọ̀ ọmọ yín, ìrìn rẹ̀ kò yé mi mọ́." Ohun tí bàbá á sì dáhùn ni pé, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ṣé owó oúnjẹ ni kò tó o ni? Màá fi kún un." Bàbá náà kò burú. Owó ni ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ lè nà dé ilé láti ibi tó wà. Ṣùgbọ́n owó yẹn gan-an ló ń ra igbó.

Ti onílé wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Onílé tó ń gbọ́ òórùn láti ojú fèrèsé ayálégbé, tó ní òun kò fẹ́ dá sí i nítorí pé ọmọ náà ń sanwó ọdún méjì papọ̀. Ẹni tó ń ta pàrágà létí ọ̀nà, tó mọ̀ pé ewé mìíràn ti wà nínú ọtí tí òun ń tà. Oníkẹ́míìsì tó ń ta tramadol fún ọmọ láìbéèrè ìwé dókítà. Ẹni tó ń gbé igbó wá sí yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wọn ló sábà máa ń jẹ́, ọmọ kíláàsì tó ní òun á fi tọ́jú ara òun. Kò sí àlejò kan nínú gbogbo wọn.

Ọgbẹ́ wà nínú àwọn ọmọ náà fúnra wọn, a kì í sì í béèrè. Ní 2022, ìdaṣẹ́sílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, gba oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọmọ ọdún 20 jókòó sílé, kò mọ ìgbà tí yóò jáde, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti gboyè tó ń gun ọ̀kadà. Bí wọ́n bá padà síléèwé, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó ohun tó yẹ kó gba oṣù mẹ́rin lé wọn lórí. Nígbà kan, obì ni àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń jẹ kí wọ́n lè kàwé mọ́jú. Ọ̀rẹ́ inú yàrá ló ń na igbó sí ọmọ lónìí, tó ní bó bá fà á, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, ìwé á sì wọ orí. Ọkàn lè balẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ lóòótọ́. Ìwé kò ní wọlé. Èròjà inú igbó tó ń pani bí ọtí, THC, ibi tí ọpọlọ ti ń tọ́jú ohun tuntun ló ń dí lọ́wọ́. Ọmọ á ka ojú ìwé kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò ní rántí ohun tó wà ní òkè rẹ̀. Ọpọlọ èèyàn kì í sì í gbó tán kí ó tó di nǹkan bí ọdún 25. Ìpínlẹ̀ Colorado pàápàá ní Amẹ́ríkà, tó dìbò ní 2012 láti fàyè gba igbó, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní gbangba ní 2014, sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé 21 kò gbọdọ̀ rà á. Àwọn ọmọ wa tó máa ń sọ pé Òyìnbó ti fọwọ́ sí i kì í rántí apá ibẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwa àgbà ṣọ́ ẹnu wa níbì kan. A máa ń sọ fún ọmọ pé ẹni tó bá fa igbó lẹ́ẹ̀kan yóò ya wèrè. Ọmọ náà mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí pé ó ní ọ̀rẹ́ tó ń fà á tí kò ya wèrè. Láti ọjọ́ yẹn, kò ní gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ mọ́, àní èyí tó jẹ́ òótọ́. Òótọ́ tó wà ńbẹ̀ tó láti kó jìnnìjìnnì báni láìfi iyọ̀ sí i. Ní 2014, Dókítà Nora Volkow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó bá dán igbó wò, nǹkan bí 9 ni yóò di bárakú fún. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìgbà ọ̀dọ́langba ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó di 17. Àwọn tí àìsàn ọpọlọ bá wà nínú ẹbí wọn, tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń mu èyí tó le, tí wọ́n ń pè ní lóúdù, ni ewu orí dídàrú pọ̀ jù fún. Èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́lọ́rádò ládùúgbò kì í tilẹ̀ í ṣe igbó. Kẹ́míkà ni wọ́n fọ́n sára ewé gbígbẹ, ó sì lè dá ọmọ wólẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn bó ṣe rí.

Kí ni olóbì ń ṣe nígbà tó bá rí kòkòrò? Kì í da agbọ̀n nù. Á tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á ṣà á, á fọ̀ ọ́, á pààrọ̀ ewé, yóò sì tún ṣí i wò lọ́jọ́ mìíràn. Iṣẹ́ yẹn kì í tán níwọ̀n ìgbà tí obì bá wà nílé. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń ṣe sí àwọn ọmọ wa yàtọ̀ pátápátá. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá mú wọn máa ń lé wọn ni. Ọ̀gágun Buba Marwa tó ń darí NDLEA láti 2021 ti ń pè pé kí wọ́n máa yẹ ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò fún oògùn olóró, mo sì fara mọ́ ọn, bí ó bá jẹ́ pé ìtọ́jú ni àyẹ̀wò náà máa ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìléjáde ni, ibo lẹ rò pé ọmọ tí wọ́n lé yóò lọ? Ẹ̀bá yàrá àwọn tí wọn kò lé ni yóò padà sí, àsìkò sì ti wá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti máa ta ohun tó ń mu tẹ́lẹ̀.

Àwọn òbí náà, orí òkè àdúrà tàbí ilé aláàfáà ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹ̀kẹ̀ de àwọn mìíràn mọ́lẹ̀. Àdúrà dára. Ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹ̀kẹ̀ kò wo bárakú sàn rí. Arò ṣì wà l'Abẹ́òkúta, àwọn dókítà ọpọlọ sì wà ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tí kò jìnnà sí wa. NDLEA ní nọ́ńbà tí èèyàn lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ tọ̀sán tòru fún ìmọ̀ràn, 080010203040. Onílé tó bá ti ń gbọ́ òórùn náà láti ọjọ́ mélòó kan, kó má dúró di ìgbà tí sáà bá parí. Kó kan ilẹ̀kùn ọmọ náà nírọ̀lẹ́ òní, kó jókòó tì í, kó béèrè ohun tó ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, kó pe bàbá rẹ̀ ní Àbíjàn, kó sọ fún un pé kó má fi owó kún owó, kó wá sílé.