Ògún Ló Ni Ìjánu Pẹ̀lú

Kí ìlépa mọ́tò kan tó lókìkí gan-an nínú sinimá Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ kan kọ́kọ́ de bẹ́líìtì mọ́ra. Bullitt ni orúkọ fíìmù náà. Peter Yates ló darí rẹ̀ ní 1968, San Francisco sì ni wọ́n ti yà á. Awakọ̀ yìí wà nínú Dodge Charger dúdú kan. Ford Mustang aláwọ̀ ewé tí ó ń ṣọ́ ti pòórá lójú rẹ̀, ìgbà tí ó sì máa gbójú sókè wo dígí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Mustang náà wà. Kò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó fa bẹ́líìtì, ó so ó, ó tẹ iná mọ́tò mọ́lẹ̀. Orin tí Lalo Schifrin kọ fún fíìmù náà dákẹ́ lójijì. Fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ohùn ẹ́ńjìnnì àti igbe táyà nìkan ló kù.

Olórìṣà tó bá jókòó wo àwọn ìṣẹ́jú yẹn kò nílò kí wọ́n sọ fún un ẹni tó wà níbẹ̀. Irin ni, iná ni, epo ni, ojú ọ̀nà ni. Ògún tó ni owú alágbẹ̀dẹ ló ni sípánà mẹkáníìkì. Ìdí nìyí tí awakọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá fi ń bọ Ògún ní gáréèjì. Ìdí kan náà ló mú kí ìkòkò Oggún ní Cuba kún fún irin oríṣiríṣi, tí ọmọ Ogum ní Brazil náà kì í sì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohunkóhun tí wọ́n bá fi irin ṣe. Kò sí àbùkù kankan nínú kí inú olórìṣà dùn sí fíìmù tí mọ́tò ti ń sáré. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá gbóná nígbà tí Mustang yẹn ń fò lórí òkè San Francisco, bóyá oorun ń kùn ún ni.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé ìdùnnú náà ni wàhálà. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ògún á gbé mọ́tò sí títì márosẹ̀, á máa yọ láàárín ọkọ̀ bí ejò. Bí wọ́n bá bá a wí, á ní kò séwu, Ògún wà lẹ́yìn òun. Àgbà tó yẹ kó bá a wí á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, ọmọ Ògún ni.” Ẹ̀rín yẹn ló yẹ kó dáwọ́ dúró nínú ilé òrìṣà. Ògún kì í ṣe òrìṣà eré sísá. Bí ènìyàn bá sì fara balẹ̀ wo àwọn fíìmù tó dára jù nínú irú èyí, ohun tí wọ́n ń sọ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà sórí ẹni tó de bẹ́líìtì. Bill Hickman ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wa mọ́tò níbi tí ẹ̀mí ti lè bọ́. Òun náà ló wà lẹ́yìn ìlépa inú The French Connection ní 1971, àti ti The Seven-Ups ní 1973. Ọ̀rẹ́ James Dean ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1955, Dean wà nínú Porsche rẹ̀ níwájú, Hickman sì ń bọ̀ lẹ́yìn nínú ọkọ̀ mìíràn, nígbà tí jàm̀bá ojú ọ̀nà tó pa Dean ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ tó bá ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí kì í bá irin ṣeré.

Bákan náà ni Max Balchowsky, ẹni tó tún mọ́tò méjèèjì ṣe. Ó fi irin líle kún ibi tí wíìlì rọ̀ mọ́, kí wọ́n má baà fọ́ sí wẹ́wẹ́ nígbà tí wọ́n bá fò tí wọ́n sì já lulẹ̀. Steve McQueen ló wa Mustang nínú àwọn apá kan, ṣùgbọ́n Bud Ekins àti Loren Janes ló gba ibi tó le. Nígbà kan McQueen ṣe àṣìṣe: ó kọjá ibi tó yẹ kó ti yà, ó ní láti fẹ̀yìn padà, èéfín sì bo táyà. Wọn kò gé e kúrò. Ó ṣì wà nínú fíìmù títí dòní. Ní 2020, wọ́n ta ọ̀kan nínú àwọn Mustang yẹn ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 3 dọ́là. Gbogbo ayé mọ mọ́tò náà, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ ló mọ orúkọ Balchowsky. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Níwájú Ògún, ẹni tó rọ irin àti ẹni tó mọ bí wọ́n ti ń dá irin dúró ni àgbà.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́. Ìjánu ni àwọn àgbà pe bíréèkì. Ẹnu ẹṣin ni ìjánu ti kọ́kọ́ wà, kó tó di pé mọ́tò wọ ìlú. Irin ni wọ́n sì fi ṣe é, alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́. Ohun tó ń dá ẹṣin dúró àti idà tí ẹlẹ́ṣin mú lọ́wọ́, inú iná kan náà ni wọ́n ti jáde. Nígbà tí Yorùbá sì wá ọ̀rọ̀ tí yóò pe ìwà ẹni tó mọ ara rẹ̀ dá dúró, ìkóra-ẹni-níjàánu ni wọ́n pè é. Ẹni tó bá ní Ògún ló ni eré, tó gbàgbé pé Ògún ló ni ìjánu, ìdajì òrìṣà ló ń bọ.

Ìtàn Ìrè-Èkìtì kọ́ ni lóhun kan náà. Ògún ti ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó bá àwọn ènìyàn níbi ìpàdé tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó gbé agbè ẹmu, ó ṣófo. Ó fa idà yọ, ó sì pa àwọn ènìyàn ara rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, tó mọ ohun tó ṣe, kò yọ̀. Ó kábàámọ̀, ó sì wọ ilẹ̀ lọ. Òrìṣà tó ti jẹ irú àbámọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò máa ti ọmọdé lẹ́yìn láti máa fi mọ́tò dẹ́rù ba ọmọ ẹlòmíràn lójú títì.

William Friedkin, tó darí The French Connection, mọ adùn àbámọ̀ yẹn. Pontiac kan ń lé ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá lórí afárá lókè títì ní Brooklyn. Fíìmù náà gba Oscar fíìmù tó dára jù lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè sọ pé ìlépa yẹn kò múná. Ṣùgbọ́n wọn kò gba àṣẹ tó pé. Àwọn ènìyàn tó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ wọn ṣì wà lójú títì nígbà tí Hickman ń sáré kọjá. Ọkọ̀ kan tí kò sí nínú ètò já sí oríta, wọ́n sì kọlu ara wọn. Èyí tí àwọn òǹwòran rí nínú fíìmù náà kì í ṣe eré. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Friedkin sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò ní ṣe irú rẹ̀ mọ́, nítorí ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn tí òun fi wewu.

Ẹlòmíràn lè ní ohun tó dára ló tibẹ̀ jáde, kò sì sẹ́ni tó kú. Olórìṣà kò gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Èṣù ló ni oríta, Èṣù kì í sì í bá ènìyàn ṣe àdéhùn ẹnu lásán. Ẹni tó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tí kò kú, kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n fò. H. B. Halicki ṣe Gone in 60 Seconds ní 1974, ìlépa inú rẹ̀ gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, mọ́tò 93 ló bàjẹ́ níbẹ̀. Ó ṣèṣe, ó sì yè é. Ní 1989, níbi tí ó ti ń ya èyí tó tẹ̀lé e, jàm̀bá ṣẹlẹ̀, ó sì kú. Akíkanjú ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kó fi í ṣẹ̀sín. Ohun tí ikú rẹ̀ fi hàn ni pé irin kì í mọ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀.

Fíìmù kan wà tó yẹ kí gbogbo ilé òrìṣà wò pọ̀, kí wọ́n sì jíròrò rẹ̀. Mad Max: Fury Road ni, èyí tí George Miller ṣe ní 2015, tí wọ́n ya púpọ̀ nínú rẹ̀ ní aṣálẹ̀ Namibia. Ìlépa ni fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ń sin ẹ́ńjìnnì V8. Wọ́n kó sítíárìn jọ bí ẹni kó ère jọ sójúbọ. Wọ́n á fọn ọ̀dà fàdákà sẹ́nu, wọ́n á fò sínú iná, torí olórí wọn ti ní ọ̀run rere ń dúró de ẹni tó bá kú lójú ọ̀nà. Omi ni olórí náà ń há mọ́wọ́ ní tirẹ̀.

Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa òrìṣà lè wo èyí, kó ní, “Ògún tí wọ́n ń wí nìyẹn.” Olórìṣà gbọ́dọ̀ lè dá a lóhùn. Àwọn ọmọ yẹn ń bọ irin. Wọn kò bọ Ògún. Irin wọn kò la ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni, kò rọ ọkọ́ fún àgbẹ̀, kò sì sí òtítọ́ nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè fi búra. Ó kàn ń jẹ ọmọ ni. Fíìmù náà pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni pé Furiosa yí ọkọ̀ padà sílé, níbi tí omi wà. Kí Miller tó di olùdarí fíìmù, dókítà ìṣègùn ni ní Australia, ó sì ti tọ́jú àwọn tí mọ́tò ṣe léṣe ní ilé ìwòsàn. Ọwọ́ tó ti di ojú egbò rí ló ya fíìmù yẹn.

Èyí kò wá sọ Ògún di òrìṣà tútù tí kì í bínú. Akínkanjú ni Ògún. Òun ló fi àdá rẹ̀ la igbó tí àwọn òrìṣà yòókù fi rí ọ̀nà wá sáyé. Awakọ̀ tó ń gbé aláboyún lọ sílé ìwòsàn lóru lè sáré, Ògún á sì bá a sáré. Eré tó ní iṣẹ́ yàtọ̀ sí eré ìfọ́nnu. Ẹni tó la ọ̀nà, ó là á kí àwọn ẹlòmíràn lè dé ibi tí wọ́n ń lọ ni.

Wole Soyinka, tí kò fìgbà kan fi ìfẹ́ rẹ̀ sí Ògún pamọ́, kọ eré The Road ní 1965 nípa awakọ̀, ikú àti ojú ọ̀nà. Nígbà tí Nàìjíríà dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ẹni tó mọ bí ọ̀nà ti ń jẹ ènìyàn ló jókòó láti wá bí kò ṣe ní jẹ wọ́n mọ́. Ìsìn Ògún ni ìyẹn náà, bí kò tilẹ̀ sí màrìwò níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ilé bá gbé mọ́tò wá fún ìbùkún, kí àgbà tó bu omi sílẹ̀, kó bèèrè nípa ìjánu. Kó wo táyà. Kó wo bẹ́líìtì. Bí mẹkáníìkì bá wà nínú ilé, kí ó yẹ abẹ́ ọkọ̀ náà wò ṣáájú àdúrà, torí àdúrà ni iṣẹ́ tirẹ̀ náà. Ẹbọ kì í dí ihò táyà. Bí ọ̀dọ́ bá sì ń fọ́nnu pé Ògún wà lẹ́yìn òun, kí wọ́n bi í léèrè ta ló wà níwájú rẹ̀ nínú ọkọ̀ kejì, bóyá ọmọ Ògún kan náà ni. Ìrìn gbẹ̀rẹ̀ ní í mú oyè délé. A-súré-tete kò róyè jẹ.

Nínú Bullitt, bẹ́líìtì kò gba awakọ̀ Charger. Ó sáré wọ ilé epo, iná sì jó òun àti ẹnì kejì rẹ̀. Bẹ́líìtì kò lè gba ẹni tó kọ̀ láti dúró. Mustang yà kúrò lójú ọ̀nà, ó yí po, ó sì dúró. Nígbà tí fíìmù ń parí lọ, Bullitt padà sílé. Ó bọ́ ìbọn sílẹ̀, ó lọ sídìí omi, ó bọ́jú, ó sì wo ara rẹ̀ nínú dígí fún ìgbà díẹ̀. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Kí Ògún jẹ́ kí gbogbo ọmọ rẹ̀ délé láti bọ́ irin sílẹ̀, kí wọ́n sì rí omi tútù fi bọ́jú. Àṣẹ.