Ọba Tí Ó Ń Túlẹ̀ Lára Ògiri

Nínú pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní ìlú Ọ̀fà, àwòrán ńlá mẹ́ta wà tí a fi férémù aláwọ̀ wúrà yí ká, tí a sì fi kọ́ sára ògiri lókè tẹlifíṣọ̀n. Nínú ọ̀kan, ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ àwọ̀ ìyeyè di ohun ìtúlẹ̀ mú, màlúù kan ń fà á níwájú, àwọn ènìyàn jàǹkàn-jàǹkàn sì tò lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tí ń wòran. Mo bi ọ̀rẹ́ mi pé ta ni ọkùnrin náà. Ó ní, "Àgbẹ̀ ilẹ̀ Ṣáínà kan ni o. Àwọ̀ rẹ̀ ló bá àwọn àga mi mu tí mo fi rà á."

Kì í ṣe àgbẹ̀. Ọba ni. Lójú tèmi, Yongzheng ni wọ́n yà síbẹ̀, ẹni tí ó jọba ní ilẹ̀ Ṣáínà láti ọdún 1722 sí 1735. Ìlànà ibẹ̀ ni pé kí ọba lọ sí ojúbọ òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Beijing nígbà ìrúwé, kí ó rúbọ, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ilẹ̀ ní poro mélòó kan, kí gbogbo ayé lè rí i pé ọba pàápàá, ilẹ̀ ni ó ń bọ́ ọ. Àwòrán kejì fi olorì kan hàn níbi tí a ti ń fún kòkòrò sílíìkì ní ewé jẹ. Olorì Xiaoxian, aya ọba Qianlong, ṣe orò yìí ní ọdún 1744, wọ́n sì yà á. Taipei ni ojúlówó àwòrán náà wà lónìí. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí òwú sányán ti ń wá kò ní bi wá pé kí ni olorì ń fi kòkòrò ṣe. Ẹ̀kẹta, òdòdó lásán ni.

Èmi kò dá ọ̀rẹ́ mi lẹ́bi pé ó gbé àwòrán àjèjì wọlé. Ní nǹkan bí ọdún 1880 sí 1890, wọ́n tẹ àwòrán obìnrin kan tí ń fi ejò ṣeré ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 1955 wọ́n tún un tẹ̀ ní Bombay fún títà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Àwọn ará etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fi férémù sí i, wọ́n wò ó tí tí tí, wọ́n ní Mami Wata nìyẹn, wọ́n sì kọ́ ojúbọ fún un. Ẹ lè má fara mọ́ ohun tí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ẹ kò lè sọ pé wọn kò wo àwòrán náà. Ọ̀rẹ́ mi kò tilẹ̀ wo tirẹ̀.

Férémù náà wà lára ohun tí ó fa èyí. Àwọn ayàwòrán ààfin kò ya orò yìí fún ògiri. Ìwé gígùn tí a ń ká ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó yóò jókòó, yóò máa tú u díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, bí ẹni ń gbọ́ ìtàn. Ìdajì ti Yongzheng wà ní ààfin àtijọ́ ní Beijing, ìdajì kejì sì wà ní ilé Guimet ní Paris. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ńlá tí Qianlong fi ya gbogbo ohun èlò orò ààfin, tí wọ́n parí ní ọdún 1759: nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé kó ààfin Yuanmingyuan ní ọdún 1860, wọ́n ya á ní ewé-ewé, Lọ́ńdọ̀nù, Edinburgh àti Dublin sì pín nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àwọn ọba parí ní ọdún 1912, kò tún sí ọba tí yóò túlẹ̀ mọ́. Orò lọ, àwòrán kù.

Ní Ọ̀fà ńkọ́? Ìjàkadì ni orò ìlú náà. Ọmọ ìjòjó tí kò tí ì débẹ̀ rí ti gbọ́ ọ nínú oríkì. Ọlọ́fà fúnra rẹ̀ a máa wọ̀yá ìjà pẹ̀lú Ẹ̀sà, olóyè rẹ̀, lójú gbogbo ayé. Nígbà tí ogun Ìlọrin fọ́ ìlú náà ní nǹkan bí ọdún 1890, tí àwọn ará Ọ̀fà fọ́n káàkiri, kò sí ìwé tí ọmọ ogun kan lè kó lọ. Orò wà lára ènìyàn, oríkì wà lẹ́nu wọn. Mo tilẹ̀ rò pé oríkì wa sàn ju àwòrán Ṣáínà lọ ní ọ̀nà kan: ayàwòrán ààfin kò jẹ́ ya òógùn ọba, bẹ́ẹ̀ ni kò fi hàn bí poro bá wọ́. Oríkì kì í fi ìjà àti ẹjọ́ pamọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má tètè yangàn. Ohun tí ó wà lára ènìyàn ń bá ènìyàn wọ ilẹ̀. Ẹ wo kàlẹ́ńdà tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń tẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: ọba jókòó, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ìjòyè tò sílẹ̀. Ọba kan kò ṣe ohunkóhun níbẹ̀. Fídíò orí fóònù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún wa lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ẹni tí ó dúró lápá òsì, àti ìdí tí ó fi jẹ́ ibẹ̀ ni ó dúró sí? Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí àwọn ayàwòrán wa jókòó ti àwọn àgbà ìlú, kí wọ́n ya ìjàkadì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n sì kọ orúkọ oyè olúkúlùkù sí ìsàlẹ̀. Ibi tí orò bá ní kí ojú má dé, kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní òfìfo.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ mi. Ó gbé àwòrán ọba sọ̀kalẹ̀, ó fi bírò kọ "Yongzheng" sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún gbé e kọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó ti ń gbọ́ wa láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, wá bi í pé, "Bàbá mi, bí Ọlọ́fà àti Ẹ̀sà bá jà, ta ló máa ń dá èkejì?" Ọ̀rẹ́ mi wo ojú mi. Bàbá rẹ̀ àgbà ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn; a ní kí ọmọ náà dúró títí wọn yóò fi jí.