Bẹ́líìtì ló ń ké, ṣùgbọ́n ta ló ṣẹ̀ ẹ́?

Tí ọyẹ́ bá ti mú, àwọn àdúgbò kan kì í dúró de àkùkọ kí wọ́n tó jí. Mọ́tò ló ń jí wọn. Onímọ́tò á jáde ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, kó lè débi iṣẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Á yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á dáhùn, lẹ́yìn náà ni igbe á sọ: híííín! Àfi bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń pọnmi nídìí kànga á máa bi ara wọn pé, “Ṣé mọ́tò Bàbá Láńdílọ́ọ̀dù kọ́ nìyẹn? Wọn ò ní í ra tuntun ni?” Kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, igbe á ti dákẹ́, Bàbá á sì ti forí lé títì.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nítorí pé ariwo náà kì í pẹ́ tó fi ń dákẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ́tò kì í kà á sí. Àwọn tó sì kà á sí, tí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbọ́: “Ọ̀gá, fáànù bẹ́líìtì yín ló ti lọ, ẹ mówó wá.” Wọ́n á pààrọ̀ bẹ́líìtì, ilé á tòrò fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, híííín, ó tún dé! Owó lọ, igbe kò lọ.

Yorùbá ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Bẹ́líìtì ló ń ké lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń ké kọ́ ló máa ń jẹ̀bi nígbà gbogbo. Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ná. Púlì ńlá kan wà nísàlẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí. Ọwọ́ púlì yẹn ni bẹ́líìtì ti ń gba agbára, tó wá ń pín in fáwọn yòókù: alternator tó ń ṣáàjì bátìrì, wọ́tà pọ́ǹpù tó ń gbé omi káàkiri ara ẹ́ńjìnnì, páwà sítíárìn àti ẹ́ẹ̀sì. Láyé Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná lọ́dún 1975, àti láyé Volkswagen táwọn èèyàn ń pè ní ìjàpá, bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ tó rí bíi lẹ́tà V ni wọ́n ń lò. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tó wà níta lónìí, bẹ́líìtì gígùn kan ṣoṣo tó ní ilà nínú ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, tensioner tó ní sípíríǹgì ló sì ń fà á kó má bàa dẹ̀.

Kí ló wá dé tó jẹ́ àárọ̀ ló máa ń ké? Ohun mẹ́ta ló ń pàdé níbẹ̀. Àkọ́kọ́, òtútù máa ń jẹ́ kí rọ́bà gan, rọ́bà tó bá sì gan kì í di púlì mú dáadáa. Èkejì, ìrì òru tàbí òjò lè ti mú kí ojú púlì tutù, kó máa yọ̀. Ẹ̀kẹta ni pé sítátà ṣẹ̀ṣẹ̀ fa iná lára bátìrì ni, alternator á sì fẹ́ dá a padà kíá, ẹrù á wá wúwo fún bẹ́líìtì. Ẹni tó bá tún tan iná iwájú, tó tan ẹ́ẹ̀sì sí i, ẹrù ló ń dì lé ẹrù. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, rọ́bà á gbóná, ìrì á gbẹ, bátìrì á ti rí díẹ̀ gbà, igbe á dákẹ́. Kì í ṣe pé àìsàn lọ o, ó kàn sùn ni. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú nìkan ló ké fẹ́ẹ́rẹ́, kò yẹ kéèyàn torí ẹ̀ má sùn. Àmọ́ tó bá ti di ojoojúmọ́, tí igbe náà ń pẹ́ sí i, ẹjọ́ ti wà ńlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sí ohùn rẹ̀. Tó bá jẹ́ híííín gígùn, tó ń le sí i tẹ́ ẹ bá tẹná mọ́ ọn, bẹ́líìtì ń yọ̀ ni: ó ti dẹ̀, ó ti jẹ tán, tàbí ọ́ìlì ti kán sí i. Tó bá ń ṣe kín-ín, kín-ín, kín-ín bí ọmọ ẹyẹ, ó ṣeé ṣe kí púlì kan má tò dọ́gba pẹ̀lú àwọn yòókù. Tó bá ń kùn, tó ń dún bí ọlọ tí wọ́n ń lọ ata gbígbẹ lórí ẹ̀, béárìn ni kẹ́ ẹ fura sí, ìyẹn àwọn irin róbótó tó ń jẹ́ kí púlì yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Omi tún wà tó lè jẹ́rìí, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Láàárọ̀ tó bá ń ké gan-an, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, ẹ fi ike tó ń fọ́n omi fọ́n díẹ̀ sí ojú bẹ́líìtì tó ní ilà, kẹ́ ẹ dúró lókèèrè. Tí ariwo bá le sí i, bẹ́líìtì ti dẹ̀ tàbí kó ti rẹ tensioner. Tó bá dákẹ́ díẹ̀, tó tún padà dé, púlì ló wọ́. Tí omi ò bá yí ohunkóhun padà, ẹ lọ wo béárìn. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àsìkò agbádá tàbí táì nìyẹn o. Apá aṣọ, ṣéènì ọrùn àti irun gígùn kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ bẹ́líìtì tó ń yí.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ wá wo bẹ́líìtì fúnra rẹ̀. Ti àtijọ́ tó rí bíi V, téèyàn bá fi àtàǹpàkò tẹ àárín ẹ̀, kò yẹ kó rì ju nǹkan bí ìdajì ínṣì lọ. Ti òde òní tó ní ilà, ẹ má dúró de ìgbà tó máa sán. Neoprene ni wọ́n fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ìyẹn máa ń sán tó bá gbó. Àmọ́ láti nǹkan bí ọdún 2000, EPDM ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyẹn kì í tètè sán, ńṣe ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bíi táyà. Ojú lè máa rí i pé ó dáa, kó sì ti tán.

Ẹ tún wò ó bóyá ọ́ìlì tàbí omi ń kán sí i. Tó bá ń kán, bẹ́ ẹ ra bẹ́líìtì mẹ́wàá, igbe ń bọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí mẹkáníìkì wá yọ bẹ́líìtì, kó fọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń há, tó ń mì, tàbí tó ń pariwo, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọgbọ́n tiwọn ni kí wọ́n fi ọṣẹ tàbí àbẹ́là pa bẹ́líìtì lára. Á dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ bí ìgbà téèyàn fọwọ́ bo ọmọ tébi ń pa lẹ́nu ni. Eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì tún máa yọ̀. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n fà á le dáadáa. Èyí tí wọ́n fà le jù náà á dákẹ́, ṣùgbọ́n béárìn alternator àti ti wọ́tà pọ́ǹpù ló máa jẹ̀yà ẹ̀, àwọn yẹn sì wọ́n ju bẹ́líìtì lọ fíìfíì.

Ká má parọ́, ariwo kọ́ ló ń bani lẹ́rù jù. Ọjọ́ tí ariwo dákẹ́ nítorí pé bẹ́líìtì já lọjọ́ ẹ̀rù. Ẹ ronú ẹni tí irú ẹ̀ bá lórí afárá Third Mainland, èyí tí wọ́n ṣí ní 1990, tó gùn tó kìlómítà 11.8, láago méje àárọ̀, táwọn ọmọ iléèwé jókòó sẹ́yìn. Iná bátìrì á tàn, ọwọ́ ìdarí á le, ooru á máa gòkè torí pé omi ò yí mọ́. Ẹni tó bá rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó sì pa á lójú ẹsẹ̀ lè ra bẹ́líìtì kó máa lọ. Ẹni tó bá ní kó ṣáà gbé àwọn dé Adéníji, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lè jó, ẹ́ńjìnnì lè nọ́ọ̀kì. Owó iléèwé ọmọ ti di owó ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Ládìípọ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, tí mẹkáníìkì bá ní bẹ́líìtì ni, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi mọ̀?” Ẹni tó mọṣẹ́ á nawọ́ sí i, á sì fi hàn yín. Ẹni tó bá ń wòye, ojú ẹ̀ á sọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ká má rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà.