Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Iṣẹ́ Òpó Rírọ̀ Lẹ́bàá Ìsọdá

Ìlà funfun tí wọ́n kùn sójú títì kò lágbára láti dá ọkọ̀ dúró. Awakọ̀ tó bá rí ẹni tó fẹ́ sọdá ló ń dúró. Bí ọkọ̀ mìíràn bá wá gúnlẹ̀ sẹ́bàá ìlà náà, awakọ̀ tó ń bọ̀ kò ní rí ọmọ ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ náà kò sì ní rí awakọ̀, àfi ìgbà tó bá yọ sójú títì. Ẹ̀pa lè má bóró mọ́ nígbà náà.

Ìlú Hoboken ní ìpínlẹ̀ New Jersey, Amẹ́ríkà, tí nǹkan bí 60,000 ènìyàn ń gbé, wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n ka ìgúnlẹ̀ léèwọ̀ nítòsí ìsọdá ní àwọn oríta, wọ́n sì ri òpó oníke rírọ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀ kí ọkọ̀ má baà ráàyè wọlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, ọdún méje gbáko kọjá láìsí pé ìjàǹbá ọkọ̀ pa ẹnì kankan ní ìgboro ìlú náà. Òpó nìkan kọ́ ló ṣe é o. Wọ́n tún dín eré ọkọ̀ kù sí máìlì 20 ní wákàtí kan. Ìpínlẹ̀ California náà ti fi òfin de ìgúnlẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ìsọdá.

Àwọn kan yóò béèrè pé: òpó tí ọkọ̀ lè tẹ̀ mọ́lẹ̀, ààbò wo ló fẹ́ ṣe? Òpó náà kì í ṣe ògiri. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ààyè ìríran sí, kí ó sì mú kí ẹni tó ń yà ní oríta rọra yà. Rírọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹni tó bá ṣèèṣì kọlù ú fara pa. Bí ọkọ̀ bá kọjá lórí rẹ̀, yóò tún dìde.

Ewu yìí kò ṣàjèjì ní Èkó àti Ìbàdàn, níbi tí dánfó àti máíkírà ti ń dúró gbé èrò lórí ìsọdá gan-an. Òpó rírọ̀ kò wúlò fún òpópónà márosẹ̀, tí ọkọ̀ ti ń sá eré àsápajúdé; afárá ẹlẹ́sẹ̀ ló yẹ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní títì iwájú ilé-ìwé, ọjà àti ilé-ìwòsàn, kò sóhun tó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ má bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n ya ibùdókọ̀ sọ́tọ̀ níwájú díẹ̀ fún àwọn onímọ́tò, nítorí ẹni tí a lé kúrò níbì kan láìfún un níbòmíràn, àárín títì ni yóò dúró sí. Kí wọ́n sì ya owó sọ́tọ̀ láti pààrọ̀ òpó tó bá kán tàbí tí olè bá hú.

Owó òpó kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí ọmọ kan. Òkèèrè la ti ń wo igi gogoro kó má baà gúnni lójú. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ lè rí ara wọn lókèèrè.